Ọmọ Tó Ń Ṣọ́lé Ló Ń Mọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdíje Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti Ààbò Kọ̀ǹpútà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Àbújá, nìyí. Mo ti gé ibi tí ẹ̀rín pọ̀ jù kúrò, àmọ́ n kò gé gbogbo rẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Zaria, Minna àti Gwagwalada wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Alága ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má da èdè kọ̀ǹpútà bo àwọn àgbà lórí. Màá gbìyànjú.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Nínú gbogbo ìdíje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lórí ààbò kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ti ń jalẹ̀kùn ló gbajúmọ̀ jù, àmọ́ èyí tí wọ́n ti ń ṣọ́lé ló ń sọ ọmọ di òṣìṣẹ́. Àwa níbí ń sáré tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀yin òbí lóhùn, torí mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ jí láago méjì òru, ẹ bá ọmọ nídìí laptop, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń sáré lórí rẹ̀, àyà yín já: "Yahoo ti wọlé wa!" Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, ní ẹ̀wọ̀n nínú fún ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ láti kó ohun tó wà níbẹ̀. Ìdíje ni ibi tí àṣẹ wà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ló gbé server, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, kalẹ̀ kí àwọn ọmọ kọlù ú. Bí ìdíje bá parí, wọ́n á pa á rẹ́.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí pápá ìdíje. Ní November 2, 1988, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Cornell, Robert Tappan Morris, tú kòkòrò kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ kiri, sórí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà. Kòkòrò náà máa ń wádìí bóyá ẹ̀dà òun ti wà lórí kọ̀ǹpútà kan kó tó dúró síbẹ̀. Àmọ́ Morris rò pé ẹnì kan lè purọ́ fún un, ló bá kọ ọ́ pé nínú ìgbà 7, kó má ka ìdáhùn sí lẹ́ẹ̀kan, kó wọlé bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan nínú 7 yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀dà ń gun orí ẹ̀dà títí àwọn ẹ̀rọ fi ń kú sọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sanwó ìtanràn, ó sì fi wákàtí 400 ṣiṣẹ́ sin ìlú. Ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, torí náà ẹ má sọ pé olórí burúkú ni. Ọdún 1996 ni ìdíje CTF tó lókìkí jù, ti DEF CON, àpéjọ àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní Las Vegas, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

CTF náà nìyẹn, Capture the Flag, "gba àsíá." Àsíá kì í ṣe aṣọ, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi pamọ́ síbì kan, ẹni tó bá rí i ló ní máàkì. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Wọ́n á fún ọmọ ní fáìlì kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Á fi Wireshark, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá hàn, ṣí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà á tò sílẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Á tẹ "ftp", orúkọ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi fáìlì ránṣẹ́, sí ojú ibi àṣàyàn lókè, ìlà díẹ̀ ló máa kù. Lára wọn ló ti máa rí ọ̀rọ̀ USER, orúkọ ẹnì kan tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni PASS, password onítọ̀hún sì wà níbẹ̀ gedegbe bí ẹní kọ ọ́ sójú pátákó. FTP ìgbàanì kì í bo ohunkóhun. Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí èyí, kò sí ẹni tó tún máa ṣàlàyé fún un ìdí tí kò fi yẹ kó fi password ránṣẹ́ ní ìhòòhò lórí Wi-Fi ilé oúnjẹ.

CTF dára, mo ń fi kọ́ọ̀yàn. Yunifásítì Carnegie Mellon ní ọ̀kan tó ń jẹ́ picoCTF, láti 2013, ọ̀fẹ́ ni, orí browser ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ á máa rò pé iṣẹ́ ààbò jẹ́ àlọ́ tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Wọ́n gba àsíá tán, wọ́n ti sá lọ sórí òmíràn. Ta ló máa wá tún ilẹ̀kùn tó já yẹn ṣe?

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn CCDC, ìdíje ìṣọ́lé kọ̀ǹpútà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Texas ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005. Wọn kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó máa já, iléeṣẹ́ ni wọ́n ń fi lé e lọ́wọ́. Kí ẹ kà á sí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé gbogbo àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ibẹ̀, wọ́n sì gba akẹ́kọ̀ọ́ 8 rọ́pò wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Server ìmeèlì wà, ti wẹ́ẹ̀bù wà, òmíràn ti gbó, password àwọn tó lọ ṣì wà lórí wọn. Àwọn ọmọ ò tíì jókòó tán tí Ẹgbẹ́ Pupa, àwọn tí wọ́n ní kó máa kọlù wọ́n, ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ Pupa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ o, àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ni.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè: ṣé wẹ́ẹ̀bù ń ṣí? Ṣé ìmeèlì ń lọ? Bó bá bá a ní pípa, máàkì lọ. Ibí yìí ni àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ti ń ṣubú. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á wọ firewall, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n á ti gbogbo port, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà, pa. Lóòótọ́, olè ò rọ́nà wọlé mọ́, àmọ́ oníbàárà náà ò rọ́nà, torí port 443 tí wọ́n tì ni wẹ́ẹ̀bù ń gbà. Láàárín rògbòdìyàn yìí, ìwé á tún dé látọ̀dọ̀ "ọ̀gá àgbà": ẹ kọ ìlànà password tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ kó tó di wákàtí kan, ẹ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lọ́nà tó máa yé mi. Máàkì wà lórí ìyẹn náà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Àbújá mọ̀ pé memo lè dáni lágara ju olè lọ.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ́ńbélé, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Huawei ní ìdíje tiwọn láti 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ABU Zaria sì ti ṣojú Nàìjíríà débi àṣekágbá rẹ̀ ní Shenzhen. WorldSkills, ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ àgbáyé, náà fi ààbò kọ̀ǹpútà kún tirẹ̀ ní Kazan, Rọ́ṣíà, ní 2019. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí ìpín àdírẹ́sì mọ́ yín lára. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pín /24, ìyẹn àdírẹ́sì 256, sí ẹ̀ka 4, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á gba /26, àdírẹ́sì 64, ṣùgbọ́n 62 lẹ lè fún ẹ̀rọ: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, ti ìkẹyìn jẹ́ ti ìkéde sí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ṣì ń wá ẹ̀rọ ìṣirò fún èyí lọ́jọ́ ìdíje ti pẹ́.

Ẹnì kan bi mí pé ibo la ti máa rówó ṣe irú ti Texas yẹn. Kò gba owó rẹpẹtẹ. Kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́rin, switch kan, router kan, wáyà. Kò nílò dátà rárá. Kódà, ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìkọlù má baà yọ jáde lọ bá aládùúgbò. Iná nìṣòro, ìyẹn ẹ mọ̀, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi password tó bá router wá láti iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹgbẹ́ tó máa kọ́kọ́ yí i padà. Irú password bẹ́ẹ̀ ni Mirai, kòkòrò kọ̀ǹpútà mìíràn, fi kó ẹ̀rọ rẹpẹtẹ sábẹ́ àkóso ní 2016, tó sì fi wọ́n kọlu Dyn, iléeṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà ojúlé fún kọ̀ǹpútà, ní October 21 ọdún náà, tí àwọn ojúlé ńláńlá ò fi ṣeé ṣí fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wá béèrè pé ta ló máa ṣe Ẹgbẹ́ Pupa, ṣé àwọn Yahoo la máa pè ni? Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà báńkì àti ti iléeṣẹ́ ìjọba ní ìlú yìí ni kẹ́ ẹ pè. Kí wọ́n fi ọjọ́ Sátidé kan sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ohun tó wà lórí tábìlì nìkan ni wọ́n máa kọlù, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn ọmọ lẹ́yìn ìdíje láti fi ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé hàn wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó nawọ́ lọ́jọ́ náà ti fún akọ̀wé ní nọ́ńbà wọn. Ó ku àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù.