Kí Ẹ Tó Kọ Lẹ́tà sí Ọlọ́lá, Ẹ Yà Lọ́dọ̀ Fokanáísà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ SBMC (ìgbìmọ̀ òbí àti ará àdúgbò tó ń bá ilé ìwé ṣàkóso) ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí àdúgbò ṣe lè ti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò lẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ "àdúgbò", owó ló ń sọ sí wa lọ́kàn. A ó kọ lẹ́tà sí ọlọ́lá, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá á dé, wọn á gé ríbọ́ọ̀nù, wọn á ya fọ́tò. Kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yàrá ti wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì ti lọ sí ìpàdé. Ẹ má wò mí, ẹ wo ara yín. Kò síná, kò sówó epo jẹnẹrétọ̀, eku ti jẹ wáyà. Kọ̀ǹpútà ò burú o. Ẹni tí yóò máa wá síbẹ̀ ni a ò ní.

Ẹni tí yóò máa wá kò sì jìnnà: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ni. Ẹ mú bébà kan, ẹ ya ilé ìwé sáàárín, kí ẹ kọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó ọ̀kadà á wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Ẹ kọ irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí ọwọ́ máa ń dilẹ̀. Fokanáísà kì í ráyè láàárọ̀ nígbà tí àwọn onímọ́tò ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Aago mọ́kànlá dára. Aránṣọ ńkọ́? Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á lé yín.

Èèyàn méjì ni kó lọ bá oníṣẹ́ náà: olùkọ́ kan, àti òbí kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ẹ má ní kó wá "ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́". Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lé oníṣẹ́ ọwọ́ sá. Ẹ tọrọ ogójì ìṣẹ́jú, irinṣẹ́ kan, ọjọ́ kan. Kí olùkọ́ bi í pé: kí lẹ máa ń wọ̀n, kí ló sì sábà máa ń bàjẹ́? Inú ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn ni sáyẹ́ǹsì wà. Lẹ́yìn náà, kó wo scheme of work, ìyẹn ìwé ètò ohun tí a ó kọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó mú ọ̀sẹ̀ tó bá a mu. Ẹni tó bá ké sí oníṣẹ́ láìwo scheme, àlejò lásán ló gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ. Téèpù rẹ̀ ní ojú méjì: ínǹṣì 60 lójú kan, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 150 lójú kejì. Kí àwọn ọmọ Kíláàsì 4 fi ojú méjèèjì wọn tábìlì kan náà, kí wọ́n sọ ìdí tí nọ́ńbà fi yàtọ̀ tí tábìlì ò sì yí padà. Ibi tó ti máa ń dàrú ni pé téèpù tó ti pẹ́ máa ń nà. Ọ̀wọ́ méjì á mú èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tíṣà á ní wọn ò fara balẹ̀. Ẹ gbé téèpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onírin káfíńtà, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí èyí tó ń parọ́. Ẹ má jù ú nù o! Téèpù tó nà yẹn lérè ju èyí tó péye lọ.

Ó wá kan pákó tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ bí ẹrù ṣe ń dọ́gba lápá méjèèjì (lever). Káfíńtà á gé èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, á fa ìlà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá láti àárín lọ sí ọ̀tún àti òsì. Wẹ́dà ní àjákù angle iron. Ẹ dojú rẹ̀ dé kí etí rẹ̀ kọjú sókè, kí pákó jókòó lé e. Páìpù roboto ò dáa, á yí. Bí pákó bá tẹ̀ sápá kan kí ẹ tó gbé nǹkan lé e, ẹ fi amọ̀ díẹ̀ lé apá tó fúyẹ́. Píọ́ wọ́tà méjì ní sẹ̀ǹtímítà 20 lápá kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹyọ kan ní 40 lápá kejì. Bí kò bá dọ́gba ńkọ́? Wọ́n kọ 50cl sára ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Ẹ kó wọn lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja yìnyín, kí ẹ ṣa èyí tó wọ̀n bákan náà. Ìyá ẹlẹ́ja náà ti di alábàáṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sì sí lẹ́tà tí a kọ sí i.

Ìyá kan ní ẹ̀yìn nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fokanáísà tiwa ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Ṣé a ò ní da àwọn ọmọ rú báyìí?"

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀rọ̀ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló kàn, kó dúró ná. Ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 nílé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́: ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó parí, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n tún wọ́gi lé e ní 2025. Èyí ò ní kí fokanáísà má sọ èdè rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ pín bọ́ọ̀dù sí mẹ́ta: orúkọ tí oníṣẹ́ ń pe nǹkan, àwòrán rẹ̀, àti orúkọ tí ìdánwò ń pè é. Kí fokanáísà ki túùbù bọ omi, kí àwọn ọmọ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ, kí wọ́n fọwọ́ tẹ túùbù náà kí wọ́n rí i bó ṣe ń yọ sí i. Fokanáísà á ní "ó ń jò", á ní "gééjì"; ìdánwò á ní "leak", á ní "pressure gauge". Kí ọmọ kọ́kọ́ ṣàlàyé ní Yorùbá, kó tó kọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣíwájú, àkọ́sórí lẹ máa gbọ́.

Alága ní ó ku ìṣẹ́jú méjì. FUTA: ẹ tọrọ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dún tó gbẹ̀yìn láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan, ẹ má tọrọ ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n á fi ẹnu rán yín lọ síwájú. Ààbò: bátìrì ọkọ̀ olómi ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fokanáísà kó wà níta, olùkọ́ ò gbọdọ̀ fi oníṣẹ́ àtàwọn ọmọ sílẹ̀, ọmọ kankan ò sì gbọdọ̀ dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Owó: ẹ san owó pátíìsì àti pákó, kì í ṣe owó ìkíni. Lẹ́tà ọpẹ́ kó ní òǹtẹ̀ ilé ìwé. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Alága ti dìde. Pákó náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú píọ́ wọ́tà tí wọ́n pín fún yín dání, ẹ má tíì mu ún.