Kí Ni Gìtá Ń Wí? Dídín Eré Orin Kù Láti Kọ́ Jùjú àti Láti Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn onígìtá ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé gìtá wá, ẹ kú ìrìn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà tí ń dín eré orin kù, ìyẹn bí orin ṣe ń yára tó. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà kí a tó túká: nínú orin tiwa, kì í ṣe torí àtimọ ibi tí ìka olórin ń tẹ̀ ni a ṣe ń dín eré orin kù, torí àtigbọ́ ọ̀rọ̀ tí gìtá ń sọ ni.

Nígbà tí èmi ń kọ́ gìtá, kásẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ wa. Ọgbọ́n tí a mọ̀ nígbà náà ni kí a fi bátìrì tó ti ń kú lọ sínú rédíò, kí orin lè máa wọ́. Àwọn tó ní giramafóònù tó lè yí díẹ̀díẹ̀ a máa fi àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan sí ojú 16. Eré dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà wálẹ̀. Bí eré bá di ìdajì lọ́nà bẹ́ẹ̀, gbogbo ohùn inú orin yóò fi fret 12 (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) sọ̀kalẹ̀: okùn gìtá tó nípọn jù, tí ń gbọ̀n ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò di 41, ìyẹn ohùn béèsì. Kódà bí ẹ bá yọ ìdá kan péré nínú mẹ́rin kúrò nínú eré rẹ̀, ohùn yóò fi nǹkan bí fret 5 wálẹ̀, gìtá ọwọ́ yín kò sì ní bá a mu mọ́.

Ní ọdún 1966 ni Flanagan àti Golden, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé phase vocoder, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí a ń gbà ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn. Ọ̀nà mìíràn tó rọrùn láti lóye ni pé ètò náà a gé orin sí wẹ́wẹ́, a tò ó padà kí etí ègé kan gun orí èkejì, a sì tún ègé kan lò níbi tí àyè bá ṣẹ́ kù. Orin á gùn sí i, ohùn rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn jùjú mọ̀ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ inú rẹ̀, àti pé ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá sókè. Ẹ̀gbẹ́ ìlù tó ń fọhùn ni gìtá wa dàgbà sí, ọ̀rọ̀ sísọ ló sì kọ́ níbẹ̀. Mo ta orúkọ ìlú yìí lórí gìtá: Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ilé ní dò, mí, dò, mí ni. Mo gbà á sílẹ̀ lójú wọn, mo fi Audacity, ọ̀kan lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà náà, dín in kù sí ìdajì, níbi tí ó ti ń yí eré nìkan padà láìfọwọ́ kan ohùn. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ pé “gbó” kò bẹ̀rẹ̀ lókè rárá, ìsàlẹ̀ ló ti ń gùn bọ̀. “Mọ̀” ń yọ̀ wálẹ̀. “Ṣọ́” tún ń gùn. Bí ẹnu wa ṣe ń pè é gan-an nìyẹn. Ẹ wá wo “rárà”, èyí tí à ń sun fún ọba, àti “rárá” tí a fi ń kọ̀. Yíyọ̀ tí ohùn yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ló yà wọ́n. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ nígbà tó ń kọ orin sílẹ̀ ti sọ rárà di rárá.

Àwọn kan ń kọ́ ọmọ pé ìwà ọ̀lẹ ni kí a dín eré orin kù. Mo bi wọ́n: àyàn wo ló fi eré ọjọ́ àríyá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlù? Díẹ̀díẹ̀ ló ń lù ú sí i létí. Àwọn tó ń da nọ́ńbà fret kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣìnà. Ibi tí wọn yóò tẹ̀ ni wọ́n ní, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹ mú gbólóhùn kan péré, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí i po, ẹ fi ẹnu kọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn, kí ẹ wá fi dò, re, mí kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Audacity àti àwọn ètò mìíràn bíi Transcribe! àti Amazing Slow Downer nígbà tí bàbá onílù kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ ṣeun. Bí gìtá bá wí pé re mí, ṣé ilé ni, àbí ọkọ́?”

Ìbéèrè yìí ló gba gbogbo àkókò tó kù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dáhùn pé kí a padà sí ohun tí olórin kọ ṣáájú, nítorí pé gìtá sábà máa ń tún un wí. Bàbá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan: nígbà tí mo dín orúkọ ìlú kù sí ìdajì, òun gbọ́ ohùn, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé bí ohùn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ní kíákíá ló ń so wọ́n di gbólóhùn. A gbìyànjú rẹ̀ ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó mi orí, ó sì fi ẹnu pè é. Mo gbà fún Bàbá. Ìdajì eré wà fún ohùn, ọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí a tún sún eré padà sókè, àti kí etí àyàn wà nítòsí.

Aago alága ti dún. Ní kúkúrú: ọ̀fẹ́ ni Audacity, ẹ má sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdajì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò dàrú, ẹ yẹra fún MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀ jù, nítorí pé àbùkù rẹ̀ a máa hàn bí eré bá ti dínkù.

Bàbá náà ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá sí ilé òun ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Gbólóhùn gìtá 13 wà nínú ìwé mi tí mo ti kọ ohùn wọn sílẹ̀, tí n kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń wí.