Ìdí-Igi: Ọ̀rọ̀ Agbo Ilé Tó Di Ọ̀rọ̀ Òfin

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀rọ̀ òfin tí mo fẹ́ kí a jọ tú wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Látìn. Inú agbo ilé wa ni ilé ẹjọ́ ti bá a. Bí ọkùnrin aláya púpọ̀ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé àṣà Yorùbá ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀, ìdí-igi ni pé kí a ka àwọn ìyàwó tó bímọ fún un, kí a pín dúkìá sí iye wọn, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan sì wá pín tiwọn láàrin ara wọn. Ọ̀nà kejì ni orí-òjorí, níbi tí a ti ń ka ọmọ lórí-lórí láìbéèrè ìyá tó bí i.

Ẹ wo ilé oníyàrá 12 tí bàbá kan fi sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kékeré bí mẹ́ta. Bí a bá pín in ní orí-òjorí, yàrá méjì-méjì ló kan àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ó bá ṣe ìdí-igi ni, yàrá mẹ́rin ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyálé nìkan yóò kó mẹ́rin, àwọn ti ìyàwó kejì yóò mú méjì-méjì, àwọn mẹ́ta yòókù yóò sì máa wo yàrá mẹ́rin tí kò ṣe é pín dọ́gba. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́.

Kí wá ni igi ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ogún? Bí ó ṣe yé mi sí, ìyá ni igi náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni ẹ̀ka. Èdè wa ti ya iyèkan, ọmọ yèyé kan, sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan, ọmọ bàbá kan, kí ilé ẹjọ́ kankan tó dé. Àwọn tó jọ jẹun nínú ìkòkò ìyá kan, tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan, ni àṣà kà sí ọ̀kan nígbà tí bàbá bá kú.

Ẹjọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé òkè òkun ni Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní Èkó. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fara mọ́ orí-òjorí, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ dá ìdí-igi padà sípò ní 1958. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹjọ́ wa ṣì ń parí sí nígbà náà, fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ohun tó tọ́ lójú ìlú tí ọkọ kan aya kan jẹ́ òfin kọ́ ni a ó tètè fi díwọ̀n ìlú tí ìkóbìnrinjọ kò ti ṣàjèjì. Mo gbà pé wọ́n jàre. Wọ́n tún ní bí awuyewuye bá wáyé, olórí ẹbí lè yàn kí a pín in ní orí-òjorí.

Ohun kan ń dùn mí. “Ori-Ojori” ni ìwé ẹjọ́ máa ń kọ, láìsí àmì ohùn. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rí “ò” tó wà láàrin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ò ju orí lọ ni gbogbo ìtumọ̀ òfin náà. Ẹ̀yin tí ẹ óò di agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i.

Ibi tó sì ṣòro jù fún mi láti ṣàlàyé fún àwọn obìnrin tó ń wá béèrè ni èyí: ìyàwó ni a fi ń ka ìdí, síbẹ̀ lábẹ́ àṣà yìí, òun fúnra rẹ̀ kì í jogún ọkọ rẹ̀. Èyí tí kò bá sì bímọ, wọn kò ní kà á mọ́ ìdí kankan.