Ẹ Ṣé Àná: Ọpẹ́ Àárọ̀ Ọjọ́ Kejì Kérésì

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ sì kú ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí àárọ̀ ọjọ́ 26, oṣù Disẹ́ńbà. Ìbàdàn ni o, Òṣogbo ni o, Mushin l'Ékòó ni o, bákan náà ló máa ń rí. Ariwo báńgà ti rọlẹ̀. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi se ìrẹsì lánàá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti bu omi sí i kí èyí tó jó mọ́ ìdí rẹ̀ lè rọ̀. Nígbà tó bá yá, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn. Ọmọdé ni. Á kúnlẹ̀, á ní: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mọ́mì mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ ṣé àná."

Ọ̀rọ̀ tí fídíò yìí dá lé lórí nìyẹn. Ìyá ọmọ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́. Lánàá tí abọ́ oúnjẹ wọlé, lójú ẹsẹ̀ ló ti ní "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù sí i." Kí ló dé tó tún rán ọmọ wá láàárọ̀ yìí?

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe kó má dúpẹ́. Òórùn ọbẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí oúnjẹ ti dà nínú, tí èèyàn sùn, tó jí, tí ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn jẹ́ ẹni tó fún un ní oúnjẹ lánàá, ọpẹ́ yẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ikùn. Àwọn àgbà wa rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní "Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà." Oore àná ni wọ́n dárúkọ. Oore tó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ ọmọ kò sí nínú òwe yẹn rárá.

Ẹni tí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Á ní "Kò tọ́pẹ́." Ẹni tó wá á fèsì pé "Ó tọ́pẹ́ o." Wọ́n lè sọ ọ́ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà tó bá wà nílé á wá gba ọ̀rọ̀ náà di àdúrà: "Àṣèyí ṣàmọ́dún. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Gbogbo rẹ̀ lè má tó ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ náà á gba ṣinṣín díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, á sáré padà sílé lọ jíṣẹ́ pé wọ́n ní kò tọ́pẹ́.

Àwọn kan wà tí kì í ní "ẹ ṣé àná" nìkan. Wọ́n á ní "Ẹ kú ìnáwó àná." Ìkíni yìí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, torí ẹni tó bá sọ ọ́ ti rántí pé owó ló jáde lápò ẹnìkan kí adìẹ tó dé inú abọ́. Ó ti wo ẹ̀yìn oúnjẹ, ó ti rí ọjà, ó ti rí èèyàn tó ń bá aláta ná ọjà nínú oòrùn.

Àṣà yìí ti wà nílẹ̀ kí Kérésì tó dé ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1842, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Freetown ní Sierra Leone, ti ń padà wálé. Àwọn ló ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù. Thomas Birch Freeman, ará Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lóṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà, ó sì lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá. Nígbà tí yóò fi padà sí Àgbádárìgì lóṣù Disẹ́ńbà, Henry Townsend ti CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà, ti dé. Wọ́n jọ ṣe Kérésì níbẹ̀. Ìtàn Jésù tí wọ́n tẹ́ sí ibùjẹ ẹran, torí pé kò sí àyè nínú ilé èrò, ni wọ́n mú wá. Àwọn tí wọ́n sì gbé e wá fún ti mọ bí a ṣe ń gba àlejò, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń bu oúnjẹ fún ará ilé kejì, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń jí kí ẹni tó ṣe ni lóore. Ọdún tuntun bọ́ sínú ìwà àtijọ́, ó sì bá a mu wẹ́kú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo abọ́ náà fúnra rẹ̀. Ìrẹsì, ọbẹ̀ ata, ẹran adìẹ kan tàbí méjì, dòdò tí ó bá wà. Wọ́n á fi abọ́ mìíràn dé e, wọ́n á gbé e sórí tíréè, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Ọmọ tó gbé e á máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin, kí ọbẹ̀ má baà dànù sára aṣọ ọdún. Ilé tí ó gbé e lọ á dà á sínú abọ́ tiwọn, wọ́n á fọ abọ́ onílé mọ́ tónítóní kí wọ́n tó dá a padà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ dáadáa, abọ́ ẹlòmíràn kì í sùn mọ́jú ní ìdọ̀tí.

Ẹ bi àwọn tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún léèrè ohun tí ìrẹsì Kérésì jẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ni oúnjẹ ojoojúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ìrẹsì Ọ̀fàdà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti Ìgbẹ́mọ wà l'Ékìtì, àmọ́ kò kárí. Ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń rí ìrẹsì jẹ lọ́pọ̀ ilé. Ní àwọn ọdún 1970 tí owó epo rọ̀bì wọlé, ìrẹsì òkè òkun kún ọjà, ó di ohun tí à ń jẹ láìronú. Lónìí tí kóńgò ìrẹsì tún ti di ohun tí ìyá ilé ń ṣírò kó tó rà, abọ́ kan láti ilé kejì tún ti wúwo bíi ti ìgbà yẹn. Tí ẹnìkan bá bu ṣíbí mẹ́rin péré fún yín lọ́dún yìí, ẹ má wo bó ṣe kéré. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn ni ó dín nínú ti àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ilé Mùsùlùmí náà ń gba abọ́ Kérésì nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní Bọ̀dé àti Bàṣírù lábẹ́ òrùlé kan. Ẹran Iléyá tí wọ́n gbé wá fún ìdílé onígbàgbọ́ ni abọ́ Kérésì ń dá padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ṣírò rẹ̀. Torí pé òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, oṣù Júùnù ló bọ́ sí, oṣù mẹ́fà sì wà láàárín ẹran àti ìrẹsì. Àmọ́ ní ọdún 2007, ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi ṣáájú Kérésì. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, ẹran àgbò àti ìrẹsì máa ń pàdé lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ tó ń jíṣẹ́ "ẹ ṣé àná" á sì máa kọjá ara wọn.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi tí ọpẹ́ yìí kì í sábà dé.

Ní ọjọ́ 24, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù alọta. Tòmátò, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà nínú páànù, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nínú abọ́ ìwẹ̀ pàápàá, ni wọ́n tò sílẹ̀ dé ojú títì. Ẹ̀rọ ń pariwo débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń pariwo pé kó fi omi ṣan ẹ̀rọ kó tó lọ tòun. Ata ń ta sí alọta lójú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ọbẹ̀ Kérésì kan ládùúgbò tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ta ló ń lọ kí i ní ọjọ́ 26?

Ẹ wo télọ̀. Òru méjì tó ṣáájú ọdún, ìdí ẹ̀rọ ló ń sùn. Tí iná bá lọ, á tan jẹnẹrétọ̀. Tí epo bá tán, á tan iná fóònù. A máa ń pariwo rẹ̀ pé ó já wa kulẹ̀, nígbà mìíràn ó sì já wa kulẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó rán tán, tí ọmọ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ìjọ ń wò, a kì í padà lọ sọ fún un bó ṣe rí lára ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni onídìrí tí ìka rẹ̀ wú nítorí orí àwọn ọmọbìnrin mẹ́wàá tó dì lálẹ́ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà tó kó èrò láti Ọjọ́ta dé Ìlọrin, tí òun fúnra rẹ̀ kò bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọdún náà ń kọ́? Ó ṣe tán, aláìsàn kò mọ̀ pé ìsinmi ni.

Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ 26 náà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba ní Nàìjíríà, àyè wà. Ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ fi fọ́tò hàn án. Ẹ sọ fún alọta pé ọbẹ̀ dùn. Tí abọ́ ìrẹsì kékeré bá lè bá a lọ, kó bá a lọ.

Nínú ilé pẹ̀lú, àwọn nǹkan kan wà tí a kì í kà kún oore. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbẹ́ èèyàn lára, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán. Ìyá àgbà á gbá ọmọ mú láàárọ̀ ọdún, á fi òrí ra á lẹ́nu, á tún fi ra á lẹ́sẹ̀, ọmọ á máa jà láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè lọ yìnbọn ìṣeré. Ẹ̀gbọ́n kan á jí láago mẹ́rin ìdájí láti gbé omi gbígbóná kaná, kí wọ́n lè fà ìyẹ́ adìẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá á jẹun kẹ́yìn, á ní ẹ̀yìn adìẹ lòun fẹ́ràn. Ọmọ tó bá lè sọ ní ọjọ́ kejì pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé omi tí ẹ gbé kaná lánàá," ọmọ yẹn ti mọ ohun tí ọdún jẹ́ ju ẹni tó ka gbogbo orin Kérésì sórí lọ.

Ọ̀rọ̀ fóònù ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ 25, WhatsApp máa ń kún fún àwòrán òdòdó àti àdúrà gígùn tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àdúrà ni, a ó ṣàmín sí i. Àmọ́ kò lè rọ́pò ọpẹ́, torí kò dárúkọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ọpẹ́ gidi máa ń mọ orúkọ oore: "Ẹ ṣé ìrẹsì àná o, Ìyá Fúnmi. Èyí àbíkẹ́yìn ní kí n má da egungun nù, ó ṣì ń fà á mu títí di àárọ̀ yìí." Ẹni tó bá gbọ́ èyí mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ó sì mọ̀ pé oúnjẹ òun dénú.

Àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí London tàbí Manchester máa ń ya ẹnu pé kí ló dé tí ìyá àwọn ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún àwọn pé "Ṣé o ti kí Àǹtí fún ti àná?" nígbà tí wọ́n ti sọ pé ẹ ṣé lánàá. Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ má kàn gbún wọn. Ọjọ́ 26 wà ní ìsinmi níbẹ̀ náà, ilé Àǹtí kò sì jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá yín bu oúnjẹ fún àwọn òbí yín nílé, tàbí tí ará ilé kan bá yín mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ọkàn sí aago. Tí aago bá lu 11 alẹ́ ọjọ́ 25 ní Houston, aago 6 ìdájí ọjọ́ 26 ni l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tí ẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa jí lọ́wọ́, kí ọjọ́ Kérésì tó parí lọ́dọ̀ tiyín. Ẹ pè é kí ẹ tó sùn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ ṣé àná.