Sẹ́ńsọ̀ agbára rédíò (RF) tó ń lo USB: ẹ ṣírò kí ẹ tó so ó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó tan ohunkóhun, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tó wà lọ́wọ́ òsì mi yìí. Ara rẹ̀ ṣì ń dán, kò sí ibi tó sán, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣì ṣeé kà. Àmọ́ òkú ni. Ẹni tó gbé e wá bá mi so wókì-tókì wáàtì 5 mọ́ ọn ní tààràtà, ó sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan péré. Kò rú èéfín, kò dún. Díódì inú rẹ̀ ti jó kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni a máa lò lónìí. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n èyí ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa wà títí a ó fi parí.

Ẹ ti ń kọ ọ́ sábẹ́ àwọn fídíò mi tipẹ́ pé kí n ṣàlàyé nǹkan yìí. Ó dáa, òní ló kàn. Mo máa sáré níbi tí kò ti le, mo sì máa dúró níbi tí owó ti ń jóná.

Ohun tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe rèé: agbára rédíò gba ẹnu rẹ̀ wọlé, díódì sọ ọ́ di iná DC tín-ín-rín, ohun tó wà nínú rẹ̀ ka iná yẹn, ó sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó tán. Mítà ńlá orí tábìlì tí a ń lò tẹ́lẹ̀, tó ní ihò kan níwájú tó ń gbé mílíwáàtì 1 jáde ní 50 MHz kí a lè fi sẹ́ńsọ̀ wé e, a ò nílò rẹ̀ níbí. Wọ́n ti kọ calibration, ìyẹn àwọn nọ́ńbà àtúnṣe ìwọ̀n, sínú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ẹ mú bírò àti ìwé. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n ti okùn USB bọ ihò, mi ò tíì ní ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀: dBm ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka agbára níbí, 0 dBm sì jẹ́ mílíwáàtì 1. Tí ẹ bá fi 10 kún un, agbára di ìlọ́po 10. Tí ẹ bá fi 3 kún un, ó di ìlọ́po 2. Nítorí náà 20 dBm jẹ́ mílíwáàtì 100, 30 dBm jẹ́ wáàtì 1, wáàtì 5 sì jẹ́ 37 dBm. Ẹ yí sẹ́ńsọ̀ yín padà, ẹ ka ara rẹ̀. Tèmi ń ka láti −60 títí dé +20 dBm, wọ́n sì kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ rí ju +23 lọ. +23 dBm jẹ́ mílíwáàtì 200. Wókì-tókì wáàtì 5 fi ìlọ́po 25 ju ìyẹn lọ. Ohun tó pa ìkejì rẹ̀ nìyẹn.

Àfi ká fi attenuator, ohun tó ń dín agbára kù, sáàárín. Èyí tí mo ní lọ́wọ́ yìí jẹ́ ti 30 dB, ìyẹn ni pé ó ń yọ 30 kúrò nínú dBm tó bá wọlé. 37 yọ 30, ó ku 7 dBm, ìyẹn mílíwáàtì 5. Ara tu sẹ́ńsọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé agbára tó kù? Attenuator ni. Wáàtì 5 tó kúrò nínú rédíò yẹn, inú rẹ̀ ló ti máa di ooru, nítorí náà ẹ ka wáàtì tó lè gbà pẹ̀lú, kì í ṣe dB rẹ̀ nìkan. Tèmi ń gba wáàtì 20. Èyí kékeré yìí, òun náà jẹ́ 30 dB, àmọ́ wáàtì 2 péré ló lè gbà. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ jó, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kan sẹ́ńsọ̀. Àwọn ńlá tó ní irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lára yìí, òmíràn nínú wọn ní ẹnu tí agbára gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ IN sí.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi pé òun máa ń yí rédíò sí agbára kékeré ni, òun ò nílò attenuator. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìka kan péré ló máa yí i padà sókè láìmọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Agbára tó ga jù lọ tí rédíò náà lè tú jáde ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe èyí tí ẹ yí i sí.

Ó yá, kọ̀ǹpútà. Ẹ fi sọ́fúwià ẹni tó ṣe sẹ́ńsọ̀ yín sínú rẹ̀ ná, pẹ̀lú dráífà rẹ̀, kí ẹ tó ki USB bọ̀ ọ́. Ihò ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ ti okùn USB bọ̀, ẹ má lo hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀. USB 2.0 ń fún ohun kan ní mílíámpù 500, tí ohun mẹ́rin bá ń pín in, sẹ́ńsọ̀ á máa wọlé, á máa jáde bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ó ti wọlé. Iná rẹ̀ ti tàn. Tí tiyín bá jẹ́ irú tó ń gba àṣẹ SCPI, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ ránṣẹ́ sí ohun èlò ìwọ̀n, ẹ tẹ *IDN? ránṣẹ́ sí i. Ẹ wò ó, ó ti dárúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Tí kò bá dáhùn, ẹ yọ ọ́, ẹ pààrọ̀ okùn kí ẹ tó máa bú sọ́fúwià. Ọ̀pọ̀ okùn tí a fi ń gba iná sí fóònù kò ní wáyà tó ń gbé ìsọfúnni rárá.

Mo máa pa kámẹ́rà ná. Ìṣẹ́jú 30 ni mo máa ń fún un kí ara rẹ̀ tó gbóná dọ́gba.

A ti padà dé. Ibi tí inú ti máa ń bí mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Bọ́tìnì Zero inú sọ́fúwià ni. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ Zero nígbà tí agbára ṣì ń wọ ẹnu sẹ́ńsọ̀. Díódì àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń ní iná DC kín-ín-kín tiwọn, bí kò tilẹ̀ sí àmì kankan níta. Zero ń wọn ìyẹn, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó bá kà lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àmì wà níbẹ̀, ẹ ti sọ fún un pé kí ó ka àmì yín sí òfo. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan ní swíìṣì nínú tó ń dínà fún agbára fúnra rẹ̀, wọ́n lè ṣe é bí àmì bá tiẹ̀ wà. Ẹ ka ìwé tiyín. Èmi máa ń yọ gbogbo nǹkan kúrò ní ẹnu rẹ̀.

Ẹ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó ń kà −52, −51, −53. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń dúró… ó tán. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn bó ṣe já sílẹ̀: −66, −71, ó fo −63, ó padà. Bó ṣe ń jó yẹn ló dáa, ariwo tirẹ̀ nìyẹn. Ní 0 dBm ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Àmọ́ ní −50 dBm, náánówáàtì 10 péré lẹ ń wọ̀n, iná DC kín-ín-kín yẹn ti tó láti tàn yín jẹ.

Ní ti síso: nọ́ọ̀tì ni kí ẹ yí, ẹ má yí ara sẹ́ńsọ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ òsì di sẹ́ńsọ̀ mú gbọn-in, kò mì. Ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí nọ́ọ̀tì. Tí ẹ bá yí ara rẹ̀, pín-ìnnì àárín á máa lọ̀ mọ́ inú ihò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, á máa ha á, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ ó rí i pé nọ́ńbà ń yí tí ẹ bá kan wáyà. Sípánà torque, èyí tó ń wọn bí a ṣe fún nǹkan tó, ni mo fi ń parí rẹ̀, 0.56 N·m fún ẹnu irú SMA onídẹ, nǹkan bí 1.36 fún ẹnu irú N. Plier kọ́, ẹ jọ̀wọ́.

Frequency. Ẹ tẹ frequency àmì yín sínú sọ́fúwià. Tèmi jẹ́ 145 MHz. Ìdí ni pé sẹ́ńsọ̀ kì í gbọ́ gbogbo frequency bákan náà, nọ́ńbà tí ẹ bá tẹ̀ ló fi ń mú àtúnṣe tó bá a mu látinú calibration rẹ̀. Ìyẹn nìkan. Kò sọ ọ́ di rédíò tó ń yan ibùdó! Gbogbo ohun tó bá wọlé ní ààyè tó ń gbọ́ ló ń rò pọ̀. Tí harmonic rédíò yín, ìyẹn àmì àfikún tó ń tú jáde ní ìlọ́po frequency rẹ̀, bá tó ìdá 10 nínú 100 agbára gidi, nọ́ńbà yín á fi 0.41 dB ga, ẹ ó sì máa yọ̀ pé rédíò náà lágbára. Ẹ fi low-pass filter, èyí tó ń dínà fún frequency gíga, sáàárín tí ẹ bá fura.

Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ. Wọ́n kọ 30 dB sára attenuator yìí. Ta ló sọ pé 30 ni? Ẹ má gbà á gbọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Generator àmì mi (kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ iná o) ń gbé +10 dBm jáde ní 145 MHz. Mo so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn ní tààràtà, mílíwáàtì 10 ni, kò sí ewu. Ó kà 9.84. Mo wá fi attenuator àti okùn kúkúrú tó ń bá a rìn sáàárín. Ó kà −19.82. Ẹ rò ó pọ̀: 29.66. Nọ́ńbà yẹn ni mo máa tẹ̀ síbi offset, èyí tí sọ́fúwià máa fi kún ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá kà, kì í ṣe 30. Ìyàtọ̀ 0.34 dB ò dà bí nǹkan, àmọ́ ìdá 8 nínú 100 ni. Rédíò wáàtì 5 á di wáàtì 5.4 lójú yín. Ẹ sì wọ̀n ọ́n ní frequency tí ẹ máa lò, torí ó ń yàtọ̀.

Attenuator tún ní oore mìíràn. Tí ẹnu rédíò àti ẹnu sẹ́ńsọ̀ ò bá bára mu dáadáa, agbára á máa ta padà láàárín wọn. VSWR ni a fi ń wọn àìbáramu yẹn: 1.5 ní apá kan, 1.2 ní apá kejì, ó lè yí nọ́ńbà yín tó ìdá 3.6 nínú 100 sókè tàbí sílẹ̀. Attenuator ń gbé ìyẹn mì.

Ó yá o. Rédíò, okùn, attenuator, sẹ́ńsọ̀. Mo tún fojú tọ̀ ọ́ láti òpin kan dé ìkejì. Mo tẹ bọ́tìnì. 36.76 dBm. Wáàtì 4.74. Mo ṣì dì í mú… ọwọ́ mi wà lára attenuator, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 30: 36.61. Wáàtì 4.58. Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ló ṣì kà, rédíò ló ń gbóná tí agbára rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Tí nọ́ńbà yín bá ń gbọ̀n jù, ẹ fi kún averaging, ìyẹn iye ìgbà tó ń kà kó tó mú ìpíndọ́gba: ìlọ́po 4 ló máa ń gé ariwo sí ìdajì.

Ẹni tó ní rédíò dígítà DMR tó ní òun ń rí wáàtì 2.5 dípò 5, rédíò rẹ ò bàjẹ́. Slot méjì, ìyẹn ìpín àkókò méjì, ló wà, ọ̀kan lò ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, rédíò ń tú agbára jáde fún ìdajì àkókò. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìpíndọ́gba á fi 3 dB kéré. Fi 3 kún un tàbí kí o wá sẹ́ńsọ̀ tó ń ka peak, ìyẹn ibi tí agbára ga dé.

Mo ti pa rédíò. Ẹ pa á kí ẹ tó tú nǹkan kan. Sẹ́ńsọ̀ ló kọ́kọ́ ń kúrò, mo dé ẹnu rẹ̀. Mo gé téépù funfun díẹ̀, mo kọ 29.66, 145 MHz, àti ọjọ́ òní sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ attenuator báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ 30 sí.