Omi, Ẹfun àti Ará Ilé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Àárín Ìlú Àtijọ́ ní Venice àti Bologna

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Odindi àárín ìlú ni: òpópónà tóóró, ògiri tó fara ti ògiri, àgbàlá, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, àti àwọn tó ń sùn tí wọ́n ń jí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù ló ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ kí mọ́tò tó dáyé. Venice ní Ítálì la ó dúró lé jù, nítorí pé omi ni ọ̀tá ilé àtijọ́ níbi gbogbo, kò sì síbi tí omi ti fojú hàn tó Venice.

Orí ọ̀sà ni ìlú náà wà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé, wọ́n á kọ́kọ́ gún igi mọ́ inú ẹrẹ̀, ọ̀kan sún mọ́ èkejì, títí ilẹ̀ á fi ki. Wọ́n á tẹ́ pákó lé igi, wọ́n á to òkúta Istria, ìyẹn òkúta líle tí wọ́n ń gbé wá láti ilẹ̀ Istria lódìkejì òkun, lé pákó, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ògiri bíríkì. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń béèrè ni pé kí ló dé tí igi náà kò jẹrà. Olú àti kòkòrò tó ń jẹ igi lókè ilẹ̀ kò lè gbé láìsí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì sí nínú ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ omi. Bakitéríà kan wà tó lè jẹ igi níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ omi máa ń dí àyè tó bá jẹ, ẹrẹ̀ sì há igi náà mọ́ra. Iṣẹ́ òkúta Istria tún ṣe pàtàkì ju ti igi lọ. Ó ki débi pé omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú rẹ̀. Òun ló wà láàárín omi àti bíríkì, tí kì í jẹ́ kí omi gun ògiri.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé omi ga, ilẹ̀ sì rì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Marghera, létí ọ̀sà náà, ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń wọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ẹ̀wádún 1970, rírì náà dẹwọ́. Bí a bá fi ìwọ̀n ọdún 1897 wò ó, omi ọ̀sà ti ga sí i ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Omi ti kọjá òkúta Istria lára ọ̀pọ̀ ilé, ó ti dé orí bíríkì.

Bíríkì sì ní ihò tíntìntín tó ń fa omi sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Omi náà gbé iyọ̀ lọ́wọ́. Tó bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ, omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sínú ihò, á di hóró, hóró náà á sì máa ti ara bíríkì. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 lọ, iyọ̀ á yọ́. Bó bá wálẹ̀, á tún di hóró. Bó ṣe ń yọ́ tó ń dì lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni ojú bíríkì ń bó, tó ń dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé kí onílé rí ògiri tó ń bó, kó ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Fún oṣù mélòó kan, ojú ògiri á dán. Àmọ́ sìmẹ́ńtì ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, omi á sì gun òkè lọ wá ọ̀nà míì. Èyí tó ti wà níwọ̀n orúnkún á dé àyà. Sìmẹ́ńtì tún ń gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá. Ó sì le ju bíríkì àtijọ́ lọ: tí ilé bá rì díẹ̀, bíríkì ló máa là. Nígbà tí sìmẹ́ńtì bá wá ṣí kúrò, ojú bíríkì ló máa ṣí lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ lò ni ẹfun sísun, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n sì fi omi pa títí tó fi rọ̀ bí òrí. Ẹfun ń jẹ́ kí ògiri mí. Ó rọ̀ ju bíríkì lọ, nítorí náà òun ló ń jìyà dípò rẹ̀, ó sì rọrùn láti tún ẹfun rẹ́ ju kí a wá bíríkì tí wọ́n sun ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe? Òkè òrùlé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yẹ ọ̀nà omi òjò wò, wọ́n á yẹ páìpù àti ojú gọ́tà wò, nítorí ìbànújẹ́ ni kí èèyàn náwó sórí omi ilẹ̀ nígbà tó jẹ́ páìpù ló ń jò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi dírìlì lu ihò ní gíga sẹ̀ǹtímítà 20, 50, 100 àti 150. Kí dírìlì máa yí jẹ́jẹ́, torí bó bá gbóná, á gbẹ omi tí a fẹ́ wọ̀n. Wọ́n á wọn lẹ́bú tó jáde, wọ́n á gbẹ ẹ́ nínú ààrò, wọ́n á tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni omi tó wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀ nísàlẹ̀ tó ń dín kù lókè, ilẹ̀ ló ti wá. Bó bá pọ̀ lókè, ẹ padà sórí òrùlé.

Wọ́n á wá fi òòlù àti ṣísẹ̀lì ṣí sìmẹ́ńtì kúrò, títí dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 kọjá ibi tí àbàwọ́n dé. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni wọ́n fi ń gbá iyọ̀. Ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́ ti dá iyọ̀ padà sínú. Fún iyọ̀ tó wọ inú lọ, wọ́n á po ìwé lílọ̀ mọ́ omi tí kò ní iyọ̀ rárá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2, wọ́n á fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fa iyọ̀ sára. Wọ́n á ṣí i dànù, wọ́n á tún un ṣe. Bíríkì tó ti kú ni wọ́n ń fi ọ̀nà tí àwọn ará Ítálì ń pè ní scuci-cuci pààrọ̀, ìyẹn “tú u, rán an”: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn tó bá a dọ́gba dí i pẹ̀lú ẹfun, wọ́n á sì dúró kó le kí wọ́n tó yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú ṣí ibi gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà lè wó ògiri.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ ni ẹfun 1 sí iyanrìn 3. Níbi tí omi bá ti pọ̀, wọ́n á fi bíríkì gígún rọ́pò apá kan iyanrìn. Ìrẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ nípọn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sán. Atẹ́gùn ni ẹfun ń lò láti padà di òkúta, ó sì nílò ọ̀rinrin díẹ̀ lásìkò náà. Nítorí náà wọ́n ń fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, wọn kì í sì í rẹ́ ẹ nígbà tí òtútù bá dín sí ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ní ti ìkún omi, ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966 ni èyí tó ga jù, sẹ̀ǹtímítà 194 ju ìwọ̀n ọdún 1897 lọ. Ìyẹn ló mú kí ìjọba Ítálì ṣe òfin pàtàkì fún Venice ní 1973, nígbà tó sì yá, wọ́n kọ́ MOSE: ilẹ̀kùn irin 78 tó sùn sílẹ̀ omi ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dìde dá ìkún omi gidi dúró. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìkún ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé e, torí ó ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni iwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Marco wà lára ibi tó rẹlẹ̀ jù, tí omi ti ń dé kí ìkún tó tó nǹkan. Wọ́n ní láti fi gíláàsì yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká. MOSE kò sì lè mú omi iyọ̀ tó ti wà nínú ògiri kúrò.

Ta ló ń rí ọ̀nà omi òjò tó dí? Ẹni tó ń gbé inú ilé ni. Ní 1951, nǹkan bí 175,000 èèyàn ló ń gbé àárín Venice. Ní 2022, wọ́n ti dín sí 50,000. Yàrá tí àlejò ń sùn ní alẹ́ méjì ti gba ipò ìdílé. Ìjọba lé ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá kúrò níwájú San Marco ní oṣù kẹjọ 2021, ní oṣù kẹrin 2024 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, yúrò 5 nígbà náà, lọ́wọ́ àlejò ojúmọ́ ní àwọn ọjọ́ kan. Owó ẹnu ọ̀nà kò lè dá aládùúgbò padà. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni.

Bologna, ìlú mìíràn ní Ítálì, mọ èyí ní kùtùkùtù. Láti 1969, Pier Luigi Cervellati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba ìlú náà ka máàpù àtijọ́, wọ́n wọn ilé, wọ́n sì pín wọn sí irú. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn àti ààfin ńlá di ti ìlò gbogbo ìlú. Ilé tóóró ti oníṣẹ́ ọwọ́, tó ní àgbàlá lẹ́yìn, ilé gbígbé ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní 1973 wọ́n mú owó tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ilé mẹ̀kúnnù lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n ná an sí àárín ìlú. Wọ́n gbèrò láti gba ilé náà lọ́wọ́ onílé, àwọn onílé kọ̀, ni wọ́n bá yí i sí àdéhùn: ìjọba á ran onílé lọ́wọ́ tún ilé ṣe, onílé á sì gbà pé owó ilé kò ní kọjá ààlà, àti pé ayálégbé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á padà. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, wọ́n fún ayálégbé nílé mìíràn fúngbà díẹ̀ nítòsí. Ẹ fi wé Marais, àdúgbò àtijọ́ kan ní Paris, lẹ́yìn òfin Malraux ti 1962, òfin ilẹ̀ Faransé tó dá ààbò bo àdúgbò àtijọ́: wọ́n tún òkúta ibẹ̀ ṣe lọ́nà tó wú ni lórí, wọ́n gbọn àwọn ṣọ́ọ̀bù kúrò ní àgbàlá, oníṣẹ́ ọwọ́ àti mẹ̀kúnnù sì bá a lọ.

Nínú gbogbo ètò ìtọ́jú wọ̀nyí, ti Netherlands ló kéré jù, òun náà ló sì wù wá jù. Láti 1973 ni ẹgbẹ́ Monumentenwacht ti wà níbẹ̀. Onílé á dá owó ọdọọdún díẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjì á wá, wọ́n á gun òrùlé, wọ́n á kó ewé kúrò lójú omi, wọ́n á pààrọ̀ àwo òrùlé tó yẹ̀, wọ́n á wo inú àjà bóyá igi ti ń rin. Wọ́n á kọ ìwé fún onílé: èyí tí kò gbọ́dọ̀ sun ọjọ́, èyí tó lè dúró dọdún tó ń bọ̀, èyí tó yẹ kó máa tọ́jú owó dè. Wọn kì í gba iṣẹ́ àtúnṣe ńlá náà ṣe fúnra wọn, torí náà wọn kò ní ìdí láti sọ pé nǹkan bàjẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ lọ.