Ẹ Yára Sin Òkú, Ẹ Má Sá Eré Àsápajúdé Lójú Pópó: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Àsàlámù àlékúm wa ráhmátúlláhi wa bàrákátù, ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ló máa kírun sí òkú lára kí wọ́n tó gbé e lọ sí itẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín mọ́ṣáláṣí àti itẹ́ òkú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ tó gbé òkú ń han fèrè gooro, mọ́tò mẹ́wàá tẹ̀ lé e, wọ́n ń gba wánwèé, àwọn ọ̀dọ́ jókòó sójú fèrèsé ọkọ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ọlọ́kadà ń dá àwọn ẹlòmíì dúró lóríta. Bí èèyàn bá bá wọn wí, wọ́n á ní Ànábì ló ní ká yára sin òkú.

Òótọ́ ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ bẹ́ẹ̀. Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ló gba hadíìsì náà wá, ó sì wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim: ẹ yára gbé òkú lọ, bó bá jẹ́ ẹni rere, oore lẹ ń gbé e lọ bá, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, aburú lẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé òkú lé èjìká, tó ń fẹsẹ̀ rìn, ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyára rẹ̀ kò lè ju pé kó gbẹ́sẹ̀ kánmọ́kánmọ́. Àwọn onímímọ̀ tó ṣàlàyé hadíìsì náà tún là á mọ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ débi tí nǹkan kan á fi ṣe òkú, tàbí tí ara á fi ni àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gun nǹkan ńkọ́? Nígbà tí Ànábì ń bọ̀ láti Àráfà, ó gbọ́ ariwo àti bí wọ́n ṣe ń na ràkúnmí kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀. Ó na pàṣán rẹ̀ sí wọn, ó ní: ẹ̀yin èèyàn, ẹ fara balẹ̀, iṣẹ́ rere kò sí nínú sísáré. Hajì ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà o, síbẹ̀ kò gbà wọ́n láyè.

Nígbà tí Maymuna, ìyàwó Ànábì, kú sí Sarif nítòsí Mẹ́kà, Ibn Abbas sọ fún àwọn tó fẹ́ gbé e pé: ìyàwó Ànábì rèé, bí ẹ bá gbé e, ẹ má mì í, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ rọra. Ẹ wá wo òkú tí a fi aṣọ pélé wé, tí a tẹ́ sórí pákó nínú ọkọ̀ láìdè é, tí awakọ̀ fi eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan já sí kòtò. Pákó á yọ̀, orí òkú á lọ gbá ara ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ de òkú mọ́ pákó níbi mẹ́ta, ní àyà, ní itan, àti nísàlẹ̀ orúnkún. Kó mú un dúró, kó má fún un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so pákó fúnra rẹ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ìyára tí Ànábì fẹ́, ilé ni ibi tó pọ̀ jù lára rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà la ti ń fi àkókò ṣòfò jù. A ń dúró de mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ láti òkèèrè, a kò tíì ra aṣọ pélé, agbẹ́lẹ̀ kò tíì dé ibi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹ́lẹ̀ ti máa gbẹ́ sàárè kí wọ́n tó da omi sí òkú lára. Kí aṣọ pélé, mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin, ti wà nílẹ̀ ní gígé. Kí ẹnì kan pe itẹ́ òkú, kó bi wọ́n bóyá ilẹ̀ ti jin tó. Tí a kò bá ṣe gbogbo èyí, eré ojú títì kò lè dá àkókò náà padà. Bí itẹ́ bá jìnnà tó kìlómítà 10, eré 50 á gbé yín débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 12, eré 80 á gbé yín débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ péré lẹ fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́ fún, ó sì lè jẹ́ pé ẹ máa débẹ̀ bá agbẹ́lẹ̀ nínú kòtò tí kò tíì ju orúnkún lọ.

Mughira ọmọ Shu'ba gbà á wá pé ẹni tó gun nǹkan, ẹ̀yìn òkú ni kó wà. Ẹlẹ́sẹ̀ lè wà níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún tàbí lósì, kó ṣáà súnmọ́ ọn. Nítorí náà, kí ọkọ̀ òkú ṣíwájú, kí ẹnikẹ́ni má yà á sílẹ̀. Ìwé òfin ìrìnnà Nàìjíríà fún ọkọ̀ kékeré ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú. Ẹni tó ṣíwájú kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ní eré 50 yẹn, ọkọ̀ ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Fi ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìyẹn mítà 28, sílẹ̀ sí ẹni iwájú rẹ. Ìbẹ̀rù pé ẹlòmíì á bọ́ sáàárín ló ń jẹ́ kí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá ara wọn nídìí. Ẹ fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì itẹ́ kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí iná pupa bá dá ẹnì kan dúró, kó dúró, ẹ lọ dúró dè é níbi tó fẹ̀.

Iná ìkìlọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ń tàn lójú ìrìn ń tanni jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bó bá ti wà ní títàn, tráfíkétọ̀ kò hàn mọ́. Ẹni ẹ̀yìn kò ní mọ̀ pé ẹ fẹ́ yà. Iná iwájú tí a rẹ̀ sílẹ̀ tó. Fèrè áńbúláǹsì, ẹ fi í sílẹ̀ fún aláìsàn. Bí etí aráàlú bá ti mọ́ ọn pé òkú ni wọ́n ń han fèrè fún, wọn kò ní yà fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ọmọ olóòkú tó ti sunkún mọ́jú kò sì yẹ kó wa ọkọ̀ rárá.

Ìwọ tí àwọn tó ń gbé òkú lọ bá pàdé lọ́nà, ẹ̀tọ́ wọn wà lọ́rùn rẹ. Ànábì ka kíká ojú nílẹ̀ àti ṣíṣàì ni ẹlòmíì lára mọ́ ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà. Gbé fóònù tó o fi ń ya òkú sílẹ̀, yí rédíò wálẹ̀. Dín eré kù díẹ̀díẹ̀, má ṣàdédé tẹ búréèkì. Bí wọ́n bá fi èjìká gbé òkú, má fun fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn wọn: wọn kò rí ẹ̀yìn, bí ẹnì kan bá ta gìrì, igun kan á já, òkú á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tẹ̀ lé wọn títí ọ̀nà á fi fẹ̀. Nígbà náà, fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, kí o sì rọra kọjá.

Má bi bóyá Mùsùlùmí ni òkú náà kó o tó bọ̀wọ̀ fún un. Ní Qadisiyya, ìlú kan ní Ìráàkì, wọ́n gbé òkú kọjá níwájú Sahl ọmọ Hunayf àti Qays ọmọ Sa'd, ọmọlẹ́yìn Ànábì méjì, àwọn méjèèjì sì dìde. Àwọn èèyàn sọ fún wọn pé òkú náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Àwọn méjèèjì fèsì pé òkú Júù kan kọjá níwájú Ànábì, ó dìde, wọ́n sọ fún un pé Júù ni, ó sì ní: ṣé ẹ̀mí kọ́ ni? Nítorí náà, bí òkú Kìrìsìtẹ́nì bá ń kọjá pẹ̀lú fèrè àti ìlù, fún wọn láyè bákan náà. Àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí dídìde fún òkú, torí Ali gbà á wá pé Ànábì dìde, ó sì padà jókòó. Àmọ́ kò sí ẹni tó ní kó o dá ọkọ̀ dúró láàárín títì márosẹ̀.

Bí ẹ bá dé itẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí ẹ kọjú wọn síbi tí ẹ máa gbà jáde, kí ẹ má dí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti bo sàárè tán, Ànábì máa ń dúró tì í, á ní kí wọ́n tọrọ àforíjìn fún arákùnrin wọn, kí wọ́n bá a tọrọ ìdúróṣinṣin, nítorí àwọn mọ̀láíkà ń bi òkú náà léèrè lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣáná sí ọkọ̀ nígbà náà. Ẹ parí àdúà, kí ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kọ́kọ́ jáde, kí àwọn tó wà nínú tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.